Má Ti Ilẹ̀kùn Lọ́jọ́ Iléyá

Anàgókómé, Lọ́mẹ́
Ọ̀sán Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àìlà

Sìdíkátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí, nítorí ó gùn. Bàràkátù àbúrò rẹ ti wo ìwé tí mo rà sílẹ̀, ó ní ṣé ìwé òfin ni mo fẹ́ kọ ni. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tó bá di ìyá ọlọ́mọ, tirẹ̀ ń bọ̀. Gbogbo wa wà dáadáa. Bàbá yín ń kí ọ. Orúnkún kò dùn wọ́n mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti padà sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta páàtì alùpùpù. Ọ̀rọ̀ ìlú, n kò ní kọ ọ́ síbí. Rédíò ń sọ ọ́ tó, mo sì mọ̀ pé ọkọ rẹ kì í pa rédíò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Iléyá ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Àtìní. O ní ara yín le ní Port-Gentil, iṣẹ́ ọkọ rẹ níbi tí wọ́n ti ń la igi ń lọ déédéé, Múnírátù sì ti ń sọ Faransé bí ẹyẹ ẹ̀gà. Mo yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé, nítorí pé ẹ kò lè wálé, ẹ kò ní ṣe Iléyá lọ́dún yìí, bí ẹ kò ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá. O ní o máa se ìrẹsì fún ọkọ rẹ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìwọ yóò ti ilẹ̀kùn, ìwọ àti ọmọ rẹ yóò sì sùn títí ọjọ́ náà yóò fi kọjá. O ní Múnírátù bi ọ́ pé kí ni Iléyá, o sì dá a lóhùn pé nǹkan tí wọ́n ń ṣe ní Ṣakí ni. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù: “Ìyá mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé Iléyá tí a kò bá ṣe ní Ṣakí, kì í ṣe Iléyá.”

Òótọ́ ni, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́ yín. Ẹ̀kọ́kẹ́kọ̀ọ́ ni, mo sì fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ kí o tó fi lé ọmọ rẹ lọ́wọ́. Múnírátù ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin. Bó bá fi oorun la Iléyá méjì mẹ́ta kọjá sí i, yóò dàgbà di ẹni tí kò ní ọdún kankan, kò sì sí ẹni tí yóò lè kó o sí i nínú mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, òun náà ló jẹ́ kí n ra ìwé tó pọ̀ tó báyìí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ti ń tì mí.

Ọdún tí mo lóyún rẹ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́mẹ́, ìyàwó tuntun tí ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì máa ń jóná ni mí. Nọ́ọ̀sì ní n kò gbọ́dọ̀ gun mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn, nítorí náà, nígbà tí mọ́tò àwọn ará Ṣakí gbéra lọ ṣe Iléyá, èmi àti bàbá yín la kù sẹ́yìn. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ilé Dada Afi, onílé wa títí dòní, la wà nígbà náà, nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìwọ mọ Dada bí arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbà náà, obìnrin Ewe tó lágbára ni wọ́n, tí wọ́n máa ń lọ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Avépozo, tí wọ́n á yan án, tí wọ́n á tà á.

Láàárọ̀ Iléyá, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ní bàbá yín kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tuntun, kí wọ́n má baà fi ọdún ta mí lójú. Wọ́n jókòó síta lórí àpótí láti àárọ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ nílé rẹ̀. Ní ọ̀sán, Dada kan ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ìkòkò kan dání. Mo dáhùn láti inú ilé pé ara mi kò yá. Wọ́n tún kan án, n kò dáhùn mọ́. Wọ́n gbé ìkòkò náà sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá yín bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kí àwọn gbé e wọlé, mo ní bí wọ́n bá gbé e wọlé, màá dà á nù. Ọbẹ̀ náà wà níbẹ̀ títí èèrà fi wọ inú rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Dada wá gbé ìkòkò wọn lọ.

Ìgbà tí mo bí ọ tán ni bàbá yín tó sọ ohun tí Dada ṣe lọ́jọ́ náà fún mi. Dada ti gbọ́ níbì kan pé àwa Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí bá pa. Wọ́n ra àkùkọ ńlá kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé Áfà kan, wọ́n dúró nínú oòrùn lẹ́yìn àwọn tó mú àgbò wá, kí Áfà lè bá wọn pa á fún mi. Wọ́n padà wálé, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sè é, wọ́n sì dín ata rẹ̀ kù nítorí oyún mi. Gbogbo èyí fún ọmọ Yorùbá kan tó ń yan odì nínú yàrá.

Mo sáré lọ kúnlẹ̀ fún wọn, ìwọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ́kọ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n ní, “Vinye, ọmọ mi, ọbẹ̀ kọ́ lo kọ̀. Èmi lo kọ̀.” Wọn kò dá ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, àwọn náà ni wọ́n sì ń wẹ̀ ọ́ títí o fi lè jókòó. Ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé.

Nítorí náà, Àṣàkẹ́, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ rèé: má ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Iléyá. O kọ ọ́ pé Màmá Odette tí ẹ jọ ń gbé ọgbà kan náà, tó ń bá ọ di irun Múnírátù, ti bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ọjọ́ wo ni ọdún yín, o sì sọ fún un pé o kò mọ̀. O mọ̀ ọ́n. Lọ sọ fún un lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé. Bó bá gbé oúnjẹ tí o kò lè jẹ wá, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, dúpẹ́, jókòó tì í, kí o sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí gbígba abọ́ pa rí.

Ẹ̀kejì ló burú jù, nítorí ọdún púpọ̀ ni mo fi ṣe é, ìwọ gan-an sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo gun òwe yìí bí ẹṣin. Mo ń ta abọ́ tánńganran ní Asigamé, ọjà ńlá ìlú yìí; kò sí irú abọ́ tí n kò ní, olódòdó, aláwọ̀ ewé, èyí tó ní ìdérí. Nínú ilé mi, abọ́ tí ètè rẹ̀ ti bó lẹ fi ń jẹun. Èyí tó dára, Ṣakí ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀dì tó dára, Ṣakí. Aṣọ léèsì, Ṣakí. A kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà síbẹ̀, alángbá ló ń gbé inú rẹ̀ láti Iléyá dé Iléyá, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń fún ara wa mọ́ yàrá méjì ní Lọ́mẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fọwọ́ kan nǹkan tuntun, màá ní kó gbé e sílẹ̀, ti Ṣakí ni. Lọ́jọ́ kan, Bàràkátù, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, wò mí lójú, ó ní, “Ìyá wa, ṣé àwa tí a wà ní Lọ́mẹ́ kì í ṣe ènìyàn ni?” Mo gbá a létí. Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà, mo sì gbá a létí.

Kì í ṣe èmi nìkan, gbogbo àwa tí a ti ìhà ọ̀hún wá ni àrùn náà ń ṣe. A fi ohun tó lé lógún ọdún gbé ìlú yìí bí ẹni tó jókòó sí gáréèjì, tó ń dúró de mọ́tò. A bímọ sí gáréèjì náà, a tọ́ wọn dàgbà níbẹ̀, a sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan, mọ́tò ń bọ̀. Abọ́ tó dára jù nínú ilé rẹ, òun ni kí o fi bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ. Lónìí ni kí o bẹ̀rẹ̀, má tilẹ̀ dúró de ọdún.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ìmọ̀ràn, ìtàn ni. O kò sí níbí lọ́dún tó kọjá. O gbọ́ pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ wà, pé ọjà tì, pé ìdajì àdúgbò wa ti sá lọ sí Kùtọ́nù àti Gánà. Ohun tí o kò gbọ́ ni bí a ṣe ṣe Iléyá, nítorí pé ojú ń ti bàbá yín láti kọ ọ́, èmi náà sì ń dúró de ọjọ́ tí màá rí ọ kí n lè fi ẹnu sọ ọ́. N kò lè dúró mọ́.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan, onímọ́tò tó máa ń kó wa lọ Ṣakí ní òun kò lè gbé mọ́tò òun sọ́nà. Bàbá yín náà ní àwọn kò lè fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ nígbà tí àdúgbò ṣófo. Mo ní ó dáa, a kò ṣe Iléyá nìyẹn. Àgbàlagbà mi yìí, mo tún fẹ́ ti ilẹ̀kùn! Mo ti sọ fún Bàràkátù pé ẹ̀wà la máa jẹ lọ́jọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Dada Afi fi ọ̀pá rìn wọ yàrá wa. Àwọn ọmọ wọn ti kọjá sí Gánà, wọ́n bẹ Dada títí pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ lọ, Dada ní àwọn kò ní fi ilé àwọn sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wá bi bàbá yín pé àgbò dà. Bàbá yín ní àgbò wo. Dada fi Yorùbá wọn tó dà pọ̀ mọ́ èdè Mina sọ ọ́, wọn kò gbé ohùn sókè rárá: “Àgbò Iléyá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbọ́ òkìkí àgbò yìí nínú ilé mi. Lọ́dọọdún lẹ ń di ẹrù, ẹ ó lọ jẹ ẹ́ níbòmíràn, ẹ ó padà wá sọ fún mi pé ó dùn. Mo ti darúgbó. Ìgbà wo lèmi ó tọ́ ọ wò?”

Bàbá yín wò mí, mo wolẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, bàbá yín gba Zanguéra lọ, nítorí wọ́n gbọ́ pé àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ṣì ní àgbò tà. Takisí kò ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn bọ̀, àwọn àti àgbò, láti Zanguéra dé Anàgókómé, ìwọ náà sì mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn ẹni tí orúnkún ń dùn. Bí àgbò bá dúró, bàbá yín á dúró. Bí àgbò bá jókòó, bàbá yín náà á jókòó. Níbi tí àwọn sójà ti dí ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn gba káàdì ìdánimọ̀ bàbá yín, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó wá bojú wo àgbò. Ó ní, “Et celui-là, il a sa carte?” pé eléyìí ńkọ́, ṣé ó ní káàdì tirẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá yín débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti rà á àti irú koríko tó ń jẹ. Ìgbà tí sójà náà bú sẹ́rìn-ín ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyàwó ilé.

Láàárọ̀ ọdún ni gbogbo àṣírí tú. Aṣọ ọdún wa wà nínú àpótí ní Ṣakí, nítorí náà aṣọ tí mo fi ń lọ ọjà ni mo wọ̀. Bàbá yín wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró síbẹ̀. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí Yídì wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà ní Lọ́mẹ́, Yídì Ṣakí nìkan ni wọ́n ti ń kírun ọdún. Wọ́n ní kò burú, àwọn á tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá wọ agbádá. Agbádá àkọ́kọ́ tó kọjá, wọ́n tẹ̀ lé e dé ìkóríta kẹta. Ọkùnrin náà yà síbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, ó ra méjì, ó sì kọrí padà sílé rẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. Òun náà ló wá júwe ọ̀nà Yídì fún wọn.

Wọ́n kírun bọ̀, ó wá kan àgbò. Mo gbé omi kalẹ̀, Bàràkátù mú okùn, Dada ti gbé àga sábẹ́ igi, wọ́n ń wòran. Bàbá yín mú ọbẹ, wọ́n wo àgbò, àgbò náà wò wọ́n. Wọ́n fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní, “Ìyá Sìdí, n kò pa àgbò rí.” Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni. Àṣé láti kékeré wọn, ẹ̀gbọ́n wọn ní Ṣakí ló ń dúńbú àgbò. Iṣẹ́ bàbá yín kò ju kí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lọ. Baálé ilé tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ẹsẹ̀ àgbò nìkan ló mọ̀ ọ́n dì mú! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn, mo pa ẹ̀rín náà mọ́ra.

Mo ránṣẹ́ pe Áfà Ìsá, àgbà ẹ̀yà Kotokoli tó ń gbé ní òpópónà kejì. Áfà dé, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọn kò fi bàbá yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì gba ọbẹ lọ́wọ́ wọn. Ńṣe ni wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn lé ọwọ́ bàbá yín lórí ọbẹ náà. Wọ́n ní, “Ìwọ ni baálé, ìwọ lo máa pa á. Èmi kàn ń bá ọ mú ọwọ́ dúró ni.” Bísímílà, ó parí. Omi dà lójú bàbá yín. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó rí ọkọ mi bí baálé ilé tirẹ̀, tí kì í ṣe àbúrò ẹnìkan. Mo sọ ọ́ fún wọn, inú wọn sì dùn títí di ọjọ́ kẹta.

Ó wá ku ohun tí a ó fi bu oúnjẹ. Abọ́ tó wà nílé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọjà tì, gbogbo abọ́ tí mo ń tà ló wà nínú yàrá, nínú páálí, ó ga dé àjà. O mọ̀ mí, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọjà. Mo dúró síwájú àwọn páálí yẹn fún ìgbà pípẹ́, kí n tó ní kí Bàràkátù bá mi já okùn wọn. Olódòdó, aláwọ̀ ewé, onídérí, gbogbo rẹ̀ la fọ̀, la fi bu ìrẹsì àti ẹran. Àbúrò rẹ ń wò mí bóyá ara mi yá.

Gbogbo ẹni tó kù ní àdúgbò ló wá. Mẹkáníìkì iwájú ilé àti tíṣà tí ilé-ìwé rẹ̀ ti tì, tí wọn kò kí ara wọn mọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìlú ti bẹ̀rẹ̀, Dada mú wọn jókòó ti abọ́ kan náà, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n rántí ìjà. Itan ọ̀tún, tí a máa ń gbé fún àgbà ilé ní Ṣakí, mo sè é títí ó fi rọ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún Dada. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́, torí eyín wọn kò pọ̀ mọ́. Gbogbo wa ń wo ẹnu wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e mì, wọ́n ní, “Ẹran yìí lẹ ń gbé sá fún mi láti ọjọ́ yìí wá?” Ẹ̀rín pa wá. Wọ́n ní, “Akpé, vinye,” wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé Iléyá wo ló dùn jù láyé mi, n kò ní parọ́, eléyìí ni. N kò sì ṣe é ní Ṣakí.

Mo ti gbàgbé iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé. Jẹ́ kí n kàn máa tò ó bó ṣe ń wá.

Ibi tí ayé bá ti bá ni là á ti jẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá rí àgbò, ẹ pa adìẹ. Ọlọ́run kì í di ẹrù tó ju agbára ẹni lọ lé ni lórí. Ẹ wádìí Yídì kí ọdún tó pé, ẹ bi àwọn Haúsá tó ń tẹran níbẹ̀ léèrè. Ẹ má tẹ̀ lé agbádá. Jẹ́ kí ọkọ rẹ pa á fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń gbọ̀n, yíjú sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá iyọ̀.

Má sọ pé “kò rí bíi ti ilé” ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn, mo fún ọ láyè. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, rí i pé ìgbà tí o bá ń gé àlùbọ́sà lo sun ún, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè.

Wẹ ọmọ rẹ, lé tìróò fún un, wọ aṣọ tuntun fún un. Kọ́ ọ kó kúnlẹ̀ kó kí bàbá rẹ̀ kú ọdún. Abọ́ ẹran tí ẹ ó gbé fún Màmá Odette, Múnírátù ni kó gbé e lọ, bó tilẹ̀ dà díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí ọmọdé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé, kì í gbàgbé. Nígbà tó bá sì tún bi ọ́ pé kí ni Iléyá, má dárúkọ Ṣakí fún un mọ́. Sọ fún un pé nǹkan tí a máa ń ṣe nílé wa ni.

N kò ní kí o gbàgbé Ṣakí o. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Dárúkọ àwọn ìyá àgbà rẹ fún un, kí o kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀, lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá sì là, gbé e wá kó rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ ọdún nílé ara rẹ̀ ni yóò mọ ohun tó ń wò nígbà tó bá dé ilé bàbá àgbà rẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n rí, èrò ọ̀nà ni yóò jẹ́ níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni. Lọ́dún yìí, ọ̀nà ti là. Àwọn onímọ́tò Ṣakí ti ń kọ orúkọ èrò ní ìkóríta láti àná. Bàbá yín ní a kò lọ. N kò bá wọn jiyàn, nítorí èmi náà ti ń wá bí màá ṣe sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn bínú nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní ṣé a ti di ará Tógò ni. Bàbá yín ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Ẹ̀gbọ́n wọn sì ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ, n kò gbọ́ ọ rí pé àgbà ilé ti Ṣakí wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ àbúrò.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Iléyá, má pè wá ní Ṣakí. Lọ́mẹ́ ni kí o pè. Mo ti kọ nọ́ńbà ilé tẹlifóònù tó wà níwájú ilé wa sí ìwé kékeré tó wà nínú àpòòwé yìí. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago tiwa, màá ti jókòó síbẹ̀. Ẹ jẹun tán kí ẹ tó pè, torí ẹni tó bá pe ilé kó tó jẹun, omijé ni yóò fi jẹ ìrẹsì. Tẹlifóònù tí iléeṣẹ́ ọkọ rẹ fi sílé yín, fà á dé àárín èrò. Mo fẹ́ gbọ́ Múnírátù, mo fẹ́ gbọ́ ọkọ rẹ, mo fẹ́ gbọ́ Màmá Odette bí n kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń wí. Kí ariwo pọ̀ nílé rẹ débi pé ìwọ fúnra rẹ yóò máa lọgun sí mi létí pé, “Ìyá mi, n kò gbọ́ yín o, ẹ sọ̀rọ̀ sókè.” Nígbà náà ni màá rọra gbé tẹlifóònù kalẹ̀, màá sì lọ jẹran mi.

Èmi tí mo kọ́ ọ ní ti tẹ́lẹ̀, tí mo sì tún un kọ́ ọ,
Ìyá Sìdí